Èéfín Ilé Wa àti Aládùúgbò Wa

Bíbélì kíkà: Jòhánù 6:1–13, Máàkù 12:28–31

Ọlọ́run tí ó pa wá mọ́ ní Àgídìngbì títí di òní, òun ni ògo yẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àjọ̀dún kì í ṣe ọjọ́ ijó nìkan; ọjọ́ àyẹ̀wò ara ẹni ni pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa.

Ní òru àìsùn kan, NEPA mú iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀, a gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìsìn kí ariwo rẹ̀ má baà dí wa lọ́wọ́. A kọrin, a gbàdúrà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní àárọ̀, ìyá àgbà kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibẹ̀ wá bá wa. Kò bú wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, àdúrà yín ń gòkè lọ, ṣùgbọ́n àyà mi ni èéfín yín ń wọ̀." Háà! Ojú tì wá.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó kún Èkó, kí ni a sọ ọ́? "I better pass my neighbour": mo sàn ju aládùúgbò mi lọ! Olúwa ní kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa gẹ́gẹ́ bí ara wa. Àwa ra ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ ń tako àṣẹ náà.

Èéfín tí imú ń gbọ́ nìkan kọ́. Lítà epo bẹntiróò kan tí a bá jó ń tú nǹkan bí kílò 2.3 afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní carbon dioxide jáde. Ó wúwo ju epo náà lọ, nítorí iná ń so epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ilé tó bá ń jó lítà 2 lálaalẹ́ ti tú ju kílò 1,600 lọ sójú ọ̀run lọ́dún kan. Èyí ń bo ayé bí aṣọ òtútù. Ooru ń pọ̀, òjò ńlá túbọ̀ ń le. Ní ọdún 2022, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 ní orílẹ̀-èdè wa, ó sì lé ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ilé iṣẹ́ ńláńlá tó yí wa ká ní Ìkẹjà ńkọ́? Ìlú òyìnbó ńkọ́?" Òótọ́ ni, tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí màlúù kò lè sọ ẹni tó jí ẹyin di olódodo.

Ẹ wo Jésù. Ìṣù àkàrà 5 àti ẹja 2 ni ó fi bọ́ 5,000 ọkùnrin. Ẹni tó lè sọ díẹ̀ di púpọ̀ báyìí, kí ló fẹ́ fi àjẹkù ṣe? Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣà á jọ, kí nǹkan kan má ṣòfò. Agbọ̀n 12 sì kún. Àbí ẹ ò rí i? Ìbùkún kì í ṣe ìnákúnàá.

Nítorí náà, a ń rọ̀ yín:

1. Ẹ yọ gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60. LED oníwáàtì 9 ń tan ìmọ́lẹ̀ kan náà.

2. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, ẹ sì dé ìkòkò. Gáàsì yóò pẹ́ kó tó tán.

3. Ẹ má sun ọ̀rá àti ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé. Ẹ rántí bí èéfín ṣe gba àdúgbò nígbà tí ààtàn Olúṣosùn ní Ọjọ́ta jóná ní oṣù kẹta ọdún 2018.

4. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó sùn. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ìdí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tó ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Àwa náà ti gbé tiwa jìnnà sí fèrèsé Màmá. Tí ó bá di ààjìn, a máa ń pa á, a ó gbàdúrà pẹ̀lú iná àbẹ́là. Màmá sọ fún wa pé, nísinsìnyí, òun ń gbọ́ àdúrà wa, òun sì ń bá wa ṣe Àmín láti ojú fèrèsé.

Kí Olúwa sọ ilé wa di ìbùkún fún aládùúgbò wa, kí ó sì mú wa rí àjọ̀dún mìíràn nínú àlàáfíà, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.