Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Sọ Pé "Ẹ Ní Sùúrù"?

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tí apá òsì rẹ̀ ò ṣeé gbé mọ́, ẹ lọ sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó rọrùn fún wa láti sọ torí apá tiwa ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá ni bí wọ́n ṣe máa fi stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn, tún ọpọlọ tó bàjẹ́ ṣe. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ ló ń kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà kún un, bá a ṣe ń bomi rin irúgbìn. Ó ti ṣiṣẹ́ lára eku. Àmọ́ èèyàn kì í ṣe eku o.

Wọ́n dán ọ̀kan nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀, erythropoietin, wò ní Jámánì lára 522 aláìsàn rọpárọsẹ̀. Ó ti dáa lára ẹranko tẹ́lẹ̀. Èsì jáde ní 2009: nínú àwọn tó gbà á, bíi 16 nínú 100 ló kú, nínú àwọn tí kò gbà á, 9 ni.

Agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà ò lè dúró. Ó lọ sí Ṣáínà, Mẹ́síkò àti Ajẹntínà, ó sanwó, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ stem cell. Kókó hù sí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, sẹ́ẹ̀lì inú kókó náà kì í ṣe tirẹ̀, ti ẹlòmíràn ni. 2016 ni wọ́n kọ ọ́ jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà, èròjà tó ń mú un dàgbà: ta ló máa sọ fún wọn pé ó tó?

Ṣé òmùgọ̀ ni ọkùnrin yẹn? Rárá. Ẹni tó ta ohun tí kò tíì dán wò fún un ló jẹ̀bi. Àmọ́ àwa tá à ń sọ pé "ẹ ní sùúrù" náà jẹ gbèsè: ká gbé aláìsàn lọ síbi tí wọ́n ti ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ká jókòó tì í, ká má purọ́ fún un.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó máa ń fún bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ọwọ́ òsì láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi wá bóyá wọ́n ti parí ìdánwò yẹn. A ní wọn ò tíì parí. Ó ní ká bá òun mú bọ́ọ̀lù yẹn wá.