Ibi Wo? Agbénifò àti Atẹnimọ́lẹ̀ Lójú Ifá

Bí babaláwo bá da Ifá tán, tí odù ti hàn, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Yóò gbé ìbò lé oníbèéèrè lọ́wọ́: owó ẹyọ kan, egungun kékeré kan. Oníbèéèrè yóò di ọwọ́ méjèèjì, babaláwo yóò tún da ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọwọ́ tí Ifá bá sì mú ni wọn yóò ṣí wò. Bó bá jẹ́ owó ẹyọ, ire ni. Bó bá jẹ́ egungun, ibi ni. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é yóò ti máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n onífá tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé ìbẹ̀rù lásán lọ sílé. Yóò tún bi Ifá léèrè: ibi wo? Ṣé ti ikú ni, àbí ti àrùn? Ṣé òfò ni, àbí ìjà, àbí ọ̀ràn? Ẹbọ tí a ó fi lé ikú lọ kọ́ ni a ó fi lé òfò lọ.

Ìbéèrè “ibi wo?” yìí ni mo rò pé a ti gbàgbé ní àdúgbò Command, àti káàkiri Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ìjọba Èkó sì ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ilẹ̀ Àwórì ni, àmọ́ gbogbo ẹ̀yà ló ti kún inú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìyànà-Ìpájà, tó sọ̀ ní Command, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ti fún ibùdókọ̀ lórúkọ, kó wo ara ògiri àti òpó iná. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde òru ìdáǹdè mọ́ ọn, tí wọ́n ti ń búra pé ọ̀tá ilé bàbá rẹ yóò kú kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n lẹ ti ọṣẹ awúre, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, àti ìlérí owó tí kò ní gbà ju ọjọ́ méje lọ. Àwọn tó lẹ méjèèjì lè máa pe ara wọn lọ́tàá. Ara ògiri kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ọmọ kan náà ni wọ́n sì jọ ń pè.

Ibi méjì ni mo rí lára ògiri yẹn. Mo fẹ́ fún wọn lórúkọ, kí a lè máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ, kì í ṣe Ifá. Mo pe ọ̀kan ní Agbénifò, mo pe èkejì ní Atẹnimọ́lẹ̀.

Agbénifò ń gbé ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀. Òun ló ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣí ìwé pé òróró ni yóò bá a kọ ìdánwò. Òun ló ń sọ fún awakọ̀ tó ti lo táyà kan náà títí ó fi dán pé ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ló bẹ́ ẹ lójú títì. Lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó ní ìdí nílé ayé mọ́. Gbogbo rẹ̀ di àlá, gbogbo rẹ̀ di ìran, gbogbo rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ aráyé. Ó sì máa ń fi oyè tí kì í ṣe tẹni dá ni lọ́lá: ẹni tó wọ ilé àdúrà láti tọrọ ìsinmi yóò jáde bíi wòlíì tó mọ àṣírí gbogbo ẹbí rẹ̀.

Atẹnimọ́lẹ̀ kọrí sí ọ̀nà kejì. Òun ló ń sọ pé kò sí ọ̀run, kò sí Orí, kò sí ẹlẹ́dàá tó ń wo ni. Owó nìkan ló wà. Lójú rẹ̀, ènìyàn kò ju ẹran àti egungun lọ, ohun tó bá sì jẹ́ ẹran àti egungun ṣeé gé, ó ṣeé tà, ó ṣeé jó nínú ìkòkò. Kì í ṣe inú igbó nìkan ló ń gbé. Ó wà lára onílé tó ń gba owó ọdún méjì lórí yàrá tí òjò ń rọ̀ sí. Ó wà lára ẹni tó ń ta oògùn ayédèrú fún ìyá ọlọ́mọ, tó sì mọ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti rí i pé ibi lè jẹ́ méjì kó máa bá ara rẹ̀ jà. Rudolf Steiner, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n bí ní 1861, kọ́ni pé agbára méjì ló ń fa ènìyàn: Lucifer ń fà á lọ sókè, kúrò nínú ayé, Ahriman, orúkọ tó yá lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà àtijọ́, ń fà á wọlẹ̀, sínú ìṣirò tí kò ní àánú. Òun àti Edith Maryon, agbẹ́gilére ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbẹ́ ère igi kan sí Dornach ní Switzerland tó ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án. Ènìyàn ló dúró láàárín nínú ère náà, ó na apá kan sókè, ó na èkejì sísàlẹ̀, àwọn agbára méjèèjì sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí iná jó ilé ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní òru tí ọdún 1922 parí, ère náà kò sí nínú ilé náà, ó sì wà ní Dornach títí dòní.

Ohun tí Ifá wí sún mọ́ èyí, àmọ́ ó yàtọ̀ níbi tó ṣe pàtàkì. Àwọn onífá ka irúnmọlẹ̀ ojùkọ̀tún sọ́tọ̀, wọ́n ka ti ojùkòsì sọ́tọ̀. Ọ̀tún ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Òsì ni àwọn ajogun tí ń bá ènìyàn jà, àwọn mẹ́jọ ló sì jẹ́ olórí ogun wọn: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Ta ló wà láàárín? Kì í ṣe ènìyàn. Èṣù ni, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì gbẹ́ sí etí ọpọ́n Ifá. Èṣù yìí kì í ṣe Sàtánì inú Bíbélì. Òun ni ó ń gbé ẹbọ, tó ń gbèjà ẹni tó rú u, tó sì ń fi ẹni tó kọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ajogun. Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí ẹni tó lè dúró láàárín ibi méjì nípa ọgbọ́n orí tirẹ̀ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan sílẹ̀ nínú ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí mo ti rí èyí kedere jù ni ìtàn Afùwàpẹ́, nínú odù Ogbè Ògúndá, tí àwọn kan ń pè ní Ogbèyọ́nú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a tún un gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n, tí wọ́n ń ti ìsálọ́run bọ̀ wá sí ilé ayé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà sílé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilé Ọ̀rúnmìlà wà, Afùwàpẹ́ ní òun kò lè kọjá láìrí bàbá òun. Àwọn méjì yòókù kò dúró. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọ́n bá wọ ibi tó kó orí sí. Wọ́n rí èyí tó tóbi, tó ń dán, tó wu ojú. Wọ́n gbé e. Wọn kò mọ̀ pé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ni, iná kò tíì kàn án. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Nígbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kò sí èrè, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n bá kó jọ, àtúnṣe orí ló ń bá a lọ.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ jókòó kí bàbá rẹ̀ dá Ifá fún un. Iyọ̀ àti owó ni ẹbọ rẹ̀, wọ́n sì ní kó mú lára wọn dání lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ oníbodè kan, ó bá a tó ń da eérú sínú ọbẹ̀. Oníbodè kò mọ iyọ̀ rí. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ sí i, oníbodè tọ́ ọ wò, ó sì dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú un lọ sílé Àjàlá. Wọ́n bá olówó tó jókòó síta, ó ń dúró de Àjàlá. Àjàlá ti sá gun òkè àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Ìgbà náà ni amọ̀kòkò sọ̀ kalẹ̀, tó mú un wọlé, tó fi irin lu orí kan wò kó tó ní kó gbé e.

Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìtàn yìí sọ pé àkúnlẹ̀yàn kò gbóògùn, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀. Èmi rí ohun mìíràn níbẹ̀. Ẹ wo àwọn méjì tó kánjú. Ohun tó kọ́kọ́ mú wọn ni Agbénifò: orí ńlá, orí tó ń dán, láìdúró de bàbá, láìdúró de onílé. Ohun tó gbẹ̀yìn wọn ni Atẹnimọ́lẹ̀: iṣẹ́ tí kò lópin, ọjọ́ ayé tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ju kíkó owó jọ láti fi lẹ ohun tó ti ya. Ẹni tó gbé wọn fò ló fà wọ́n lé ẹni tó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ibi méjèèjì ń bú ara wọn ní gbangba, àmọ́ wọ́n ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ara wọn.

A rí irú rẹ̀ ní Ìkòtún, nínú Alímọ̀ṣọ́ yìí kan náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue wó, ènìyàn 116 kú, àwọn tó wá láti South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọ náà tọ́ka sókè: wọ́n ní ọkọ̀ òfúrufú àjèjì kan fò lórí ilé náà kó tó wó. Adájọ́ Oyetade Komolafe, tó wádìí ikú wọn, tọ́ka sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2015: ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà ni kò dára, ó sì ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Mo gbà pé àwọn tó sùn síbẹ̀ wá Ọlọ́run tọkàntọkàn, ọkàn mi sì ń bàjẹ́ bí mo bá ń ronú kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì àti irin kò mọ ìran. Bí a bá ní kí gbogbo ojú máa wo òfúrufú, kò sí ẹni tí yóò wo òpó.

Ti Abẹ́òkúta ni apá kejì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ní Òkè Àrẹ̀gbà, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí kò sí èyí tó ju ọmọ ogún ọdún lọ nínú wọn, lórí ikú ọmọbìnrin kan tí ọ̀kan lára wọn ń fẹ́. Wọ́n bá àwọn kan nínú wọn níbi tí wọ́n ti ń sun orí ọmọbìnrin náà nínú ìkòkò. Ọ̀kan sọ pé orí Facebook lòun ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ènìyàn ṣe ògùn owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un gbọ́: orí ènìyàn, ohun tí Ifá sọ pé a ti ọ̀run kúnlẹ̀ yàn, ni àwọn ọmọ wọ̀nyí rò pé ó tó gé bí ẹran. Kò sí ibi tí Atẹnimọ́lẹ̀ lè dé tó ju èyí lọ. Síbẹ̀, ta ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé owó lè ti ibi tí kò ní ìdí jáde? Àwọn tó ń sọ fún ìjọ pé owó yóò wọ àkáǹtì wọn lóru, láìṣiṣẹ́, ti ṣáájú kọ́ wọn ní ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

N kò ní yọ àwọn onífá sílẹ̀. UNESCO kéde Ifá ní 2005 pé ohun iyebíye gbogbo ayé ni, inú wa dùn. Àmọ́ lónìí, àwọn kan wà tí wọ́n so ọ̀pẹ̀lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí wọ́n ń ṣèlérí lórí TikTok pé àwọn ní ẹbọ tí ń sọ ènìyàn di olówó ní wéré. Ó yẹ kí wọ́n padà lọ bá Afùwàpẹ́. Ẹbọ rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú. Iyọ̀ ló fún ẹni tí ń jẹ eérú, gbèsè ló bá onígbèsè san, ó sì fi ìdúró ṣe é. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀, nígbà tó lé aya rẹ̀, Ìwà ọmọ Sùúrù, jáde, ọlá rẹ̀ ń dínkù títí ó fi gbé agọ̀ egúngún wọ̀, tó ń wá a kiri. Bí Ọ̀rúnmìlà bá lè pàdánù báyìí nítorí ó lé Ìwà, kí ni ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀?

Ẹ̀yin òbí ní Command, ní Àyọ̀bọ̀, ní Ìgandò, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá gbé mọ́tò wálé tí ẹ kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ má ṣe kọrin ọpẹ́ kí ẹ tó bi í pé níbo ló ti rí i. Bí ọjà kò bá tà, ẹ ka owó inú àpótí, ẹ wo iye tí ẹ ń rà á àti iye tí ẹ ń tà á, kí ẹ tó lọ sí òru ìdáǹdè. Bí ara ọmọ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí àdúrà máa bá yín lọ. Bí pásítọ̀, ààfáà tàbí babaláwo bá sì sọ fún yín pé ibi wà nínú ilé yín, ẹ ní kó sọ irú ibi tó jẹ́ àti ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe sí i. Bí kò bá rí nǹkan mìíràn sọ ju kó dárúkọ ìyá àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín lọ, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ lọ kí ìyá náà nílé.