Ta Ni Yóò San Owó Ìmọ́lẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn àgbà wí pé tibi tire ni a dá ilé ayé. Iná mànàmáná pàápàá kò yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí.

Ní ọdún 1964 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í dí Odò Ọya ní Kainji, ní ilẹ̀ Borgu tí ó wà lábẹ́ Kwara títí di ọdún 1991. Iṣẹ́ náà parí ní 1968, iná sì dé ọ̀pọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n omi bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn tí ó lé ní 40,000 sì kó kúrò ní ilé baba wọn. Ẹni tí ó ń tan iná ní ọ̀nà jíjìn kò rí omi tí ó bo ilé ẹlòmíràn.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yin iná tí a fi afẹ́fẹ́ ṣe. Ní Lambar Rimi, ní Ìpínlẹ̀ Katsina, ẹ̀rọ 37 tí afẹ́fẹ́ ń yí ni a gbé kalẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í rú èéfín, kì í sì í ri ìlú sínú omi. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹnìkan fẹ́ gbé e sí Òkè Sobi, ní Ìlọrin níhìn-ín. Apá rẹ̀ lè pa ẹyẹ àti àdán. Ariwo rẹ̀ lè dí àwọn tí ń gbé nítòsí lọ́wọ́ oorun. A ó sì gé igi kí ọ̀nà tó là.

Ṣé kí a kọ̀ ọ́ ni? Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀ ọ́ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ẹ̀rọ amúnáwá tí ń dún ní àgbàlá rẹ̀, kí ó sì rántí pé aládùúgbò ni ó ń fa èéfín rẹ̀ símú. Ibi tí ó ti mọ́ wa lára kò tíì di ire.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí yóò wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa gbọ́dọ̀ wo èrè, kí ó wo òfò, kí ó sì wo òfò tí a ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó béèrè bóyá ẹni tí yóò ru ẹrù náà gan-an ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, òun ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí a sì tù ú nínú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ kò lè wá sí ìgbìmọ̀. Nítorí náà, kí ẹnìkan gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ yàrá wa, ẹ jẹ́ kí a máa bi ara wa léèrè: òkùnkùn ta ni a fi rà á?