Ọmọńlé Ara Àmù

Iná lọ ní Ìsọlọ̀ lálẹ́ àná. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí kọ̀rọ̀ ibi tí àmù mi wà, mo sì bá ọmọńlé kan tó lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀. Kò mira. Ooru mú, ara amọ̀ sì tutù. Ó ṣe mí bí ẹni pé ẹni tó mọ àmù náà ló fi í síbẹ̀, pé n kò kàn rí i láti ọjọ́ tí mo ti rà á lọ́jà Òṣòdì ni.

Àwọn kan ti fi ẹranko sára ìkòkò rí. Láàrin ọdún 1970 sí 1971, awalẹ̀pìtàn Peter Garlake wú ìkòkò kan jáde ní ilẹ̀ Ọbalárá, Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n mọ ojúbọ yọ sára rẹ̀, orí mẹ́ta nínú ojúbọ náà, ejò lókè. Kí ni ejò yẹn ń ṣọ́? Ṣé àwọn orí náà ni, àbí ohun tó wà nínú ìkòkò?

Ọkàn mi lọ jìnnà ju Ifẹ̀ lọ. Lórí àwọn òkè ńlá Peru, kí àwọn ará Sípéènì tó dé ní 1532, àwọn Inca ń kun ẹja àti ata sínú àwo amọ̀. Ata! Wọ́n tún ń mọ orù ọlọ́rùn gígùn, onídìí ṣóńṣó, tí wọ́n fi ń gbé ọtí àgbàdo. Orí ẹranko kékeré kan, ó jọ ti ológbò, máa ń yọ síta léjìká orù náà. Ibẹ̀ ni okùn ń há sí bí wọ́n bá pọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń pọn ọmọ. Ẹranko náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ló ń di ẹrù mú lẹ́yìn ẹni tó ń gun òkè, èyí sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbà náà sì ni àgbàdo ti wá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ìyá amọ̀kòkò mú ṣúkù rẹ̀, wọ́n yí i lára amọ̀ tútù, ó di ọnà. Ọnà yẹn wà lára àmù mi. Mo ti fi ìka tọ ipa rẹ̀ láìmọye ìgbà. Orí rẹ̀ gan-an ni ọmọńlé yìí fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì mọ́.

Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó nínú òkùnkùn pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, títí mo fi gbọ́ tó sáré gun ògiri.