Bàbá Tún Dé: Ta Ni Ó Padà Wá?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń rán ẹ̀mí wá sáyé nígbà tí Ó bá fẹ́, tí Ó sì ń pè é padà nígbà tí Ó bá fẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí, inú ilé wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di ọ̀rọ̀ orí fóònù. Bí bàbá àgbà bá kú ní Ìwó, tí ìyàwó ilé sì bí ọmọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, ààfáà lè sọ ọmọ náà ní Abdul-Ganiyy ní ọjọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n Babátúndé ni gbogbo agboolé yóò máa pè é. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, Yétúndé ni, tàbí Ìyábọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú ààfáà ni ìlú wa yìí. Láti àwọn ọdún 1800 ni ọba Mùsùlùmí ti jókòó lórí ìtẹ́ Olúwòó, nígbà ayé Ọba Lámúyè. Ẹ̀sìn ti pẹ́ nílé wa, orúkọ náà kò sì kúrò nílé.

Ní àsìkò yìí, àwọn ọ̀dọ́ ti rí ẹlẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú eré tẹlifíṣọ̀n láti òkèèrè. Ní ilẹ̀ Thailand, eré kan jáde ní ọdún 2019 tí wọ́n pè ní Until We Meet Again. Ọ̀dọ́kùnrin méjì, Korn àti In, ni wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ọkùnrin ti ń fẹ́ràn obìnrin. Àwọn òbí wọn kọ̀ jálẹ̀. Àwọn méjèèjì sì gba ẹ̀mí ara wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n tún ayé wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn, Dean àti Pharm, wọ́n pàdé ní yunifásítì, ìfẹ́ tí ikú gé sì tún so pọ̀. Ẹni tí ó bá wo irú eré báyìí tán lè bèèrè pé: bí ẹ̀mí bá jẹ́ ọ̀kan náà, ṣé gbèsè ìfẹ́ ayé àkọ́kọ́ kò ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó padà wá?

A kò ní fi àwọn ará Thailand ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlẹ́sìn Búdà ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ìgbàgbọ́ wọn sì ni pé ẹ̀dá a máa kú, a máa tún wá. Àwọn Mùsùlùmí náà wà níbẹ̀, pàápàá ní gúúsù, ní Pattani, Yala àti Narathiwat. Àwa pẹ̀lú ńkọ́? Ta ni kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tàbí bàbá rẹ̀ rí pé, “Bí mo bá tún ayé wá”? Nítorí náà, ìbéèrè náà kò jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn bàbá wa ní lọ́kàn. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, ṣe àlàyé pé àtúnwá ti Yorùbá kò rí bíi ti àwọn ẹlẹ́sìn ilẹ̀ Éṣíà. Bàbá tí wọ́n ní ó ti padà wá, ọ̀run ni wọ́n ṣì gbà pé ó wà. Bàbá kan náà sì lè “tún dé” nínú ọmọ-ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo agboolé tí Babátúndé méjì bá wà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀mí bàbá gan-an ni, ṣé ó pín sí méjì ni? Kò sí ẹni tí ó ń dá ara rẹ̀ láàmú lórí ìyẹn, nítorí pé orúkọ náà, ìrántí ni. Ọ̀nà tí ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ fi ń sọ pé ilé kò ṣófo ni. Bí a bá lò ó báyìí, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ pé ẹ̀mí bàbá náà gan-an ni ó padà, ibẹ̀ ni a óò ti dá a dúró. Nínú Suratul-Mu'minun, aaya 99 àti 100, Ọlọ́hun sọ fún wa nípa ẹni tí ikú dé bá, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà kí òun lọ ṣe rere tí òun ti pa tì. Wọn kò gbà fún un. Gàgá wà lẹ́yìn wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ẹnìkan lè ní ẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. Ẹni rere náà ńkọ́? Bàbá Jabir, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, kú sójú ogun Uhud. Ànábì sọ fún Jabir pé Ọlọ́hun ní kí bàbá rẹ̀ tọrọ ohun tí ó bá wù ú. Ohun tí ó tọrọ ni pé kí wọ́n dá òun padà sáyé kí òun tún kú lójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Èsì ni pé a ti pàṣẹ pé wọn kì yóò padà. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá ṣí fún ẹni tí Ọlọ́hun fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ṣí fún?

Àwọn kan yóò wí pé: ọmọ náà jọ bàbá àgbà, ó ń rìn bíi rẹ̀, àmì ara kan náà ni wọ́n ní. Òótọ́ ni, ìran ni. Ọkùnrin kan wá bá Ànábì pé ìyàwó òun bí ọmọ dúdú, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ànábì bi í léèrè nípa àwọn ràkúnmí rẹ̀: wọ́n pupa, síbẹ̀ àwọn eérú wà láàárín wọn. Ibo ni àwọ̀ yẹn ti wá? Ọkùnrin náà ní bóyá ìran kan ni ó fà á. Ànábì ní bóyá ọmọ tirẹ̀ náà, ìran ni ó fà á. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé ojú àti ìrìn láti ìdílé wá, kò gbé ẹ̀mí.

Kí ni ó wá burú nínú kí a gbà á gbọ́? Ẹ wo ọ̀rọ̀ àbíkú. Ìyá bí ọmọ, ó kú. Ó tún bí, ó tún kú. Wọ́n ní ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Láti ibẹ̀ ni orúkọ bíi Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé ti wá. Bí ó bá mọ lórí orúkọ, ẹ̀bẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé wọ́n ń kọ òkú ọmọ ìkókó lábẹ, wọ́n ń fi iná jó o, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà. Ànábì ti sọ fún wa pé ẹni tí ó ṣẹ́ egungun òkú dà bí ẹni tí ó ṣẹ́ ti alààyè. Lónìí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, àìsàn sickle cell ni ó pa wọ́n: bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Ọmọ tí ìrora ń gún léegun, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀daràn nítorí ayé tí kò gbé rí.

Suratu Fatir, aaya 18, sọ fún wa pé ẹlẹ́rù kan kì yóò ru ẹrù ẹlòmíràn. Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Bí ó bá jẹ́ àbòsí láti fi ẹ̀ṣẹ̀ ayé àtijọ́ jẹ ọmọ níyà, àbòsí náà ni láti fi ìfẹ́ ayé àtijọ́ de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tí ó bá sọ fún ọmọbìnrin pé, “Wọ́n fi hàn mí lójú àlá pé ìyàwó mi ni ọ́ kí a tó wáyé,” kò tọrọ ìfẹ́. Gbèsè ni ó ń sìn. Ẹ̀sìn wa kò gba irú rẹ̀. Nígbà tí bàbá Khansa, ọmọ Khidam, fi í fún ọkọ tí kò fẹ́, Ànábì tú ìgbéyàwó náà ká. Bí bàbá tí ó bí i kò bá lè fi ipá fún un lọ́kọ, àlá ẹlòmíràn kò lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì inú eré yẹn náà kò yàtọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ Ṣàríà sọ lórí ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń ka ìwé wa. Ayé àtijọ́ kò lè yí i padà, gẹ́gẹ́ bí kò ti lè yí ọ̀rọ̀ akọ àti abo padà. Bí ẹnìkan bá dé Ọjà Odò-Oòrì tí ó ní ìyàwó oníyàwó kan ni aya òun tí ó kú ní ogún ọdún sẹ́yìn, ta ni yóò tú ìgbéyàwó ká nítorí rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú eré náà tí òbí Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fojú fò. Ọmọ méjì kú. Ọlọ́hun ka pípa ara ẹni léèwọ̀ nínú Suratun-Nisai, aaya 29. Ẹni tí ó sì ti ọmọ dé ibẹ̀ yóò ní èsì láti fọ̀. Thailand ti fi òfin gba ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Nàìjíríà ti fòfin dè é ní ọdún 2014, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá. Òfin yẹn, ilé ẹjọ́ ni ó wà fún. Kò sọ pé kí ọ̀dọ́ àdúgbò péjọ lu ẹnikẹ́ni, tàbí kí a máa tú fóònù ọmọlọ́mọ wò. Suratul-Hujurat, aaya 12, kọ ìfura àti ìtọpinpin fún wa. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń jẹ lọ́kàn, ohunkóhun tí ìbáà jẹ́, kí ó rí etí nílé tí yóò gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń ronú àtikú, a bẹ̀ ẹ́: wá ẹni tí o fọkàn tán, kí o sọ fún un lónìí. Ohun tí eré náà fi pamọ́ ni pé kò sí ìpàdé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú. Ibi tí ayé parí sí ni ó parí sí.

Ṣé ìfẹ́ wá ń parí pẹ̀lú ikú ni? Rárá o. Lẹ́yìn tí Khadijah kú, Ànábì kò wá a kiri nínú ara ẹlòmíràn. Bí ó bá pa àgùntàn, a máa fi lára ẹran náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tí ó fẹ́ràn òkú ti ń ṣe nìyẹn. Ní ti ìpàdé, iwájú ni ó wà: Suratuz-Zukhruf, aaya 70, ní kí àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn ìyàwó wọn wọ Àlùjánnà.

Nítorí náà, ẹ máa pe ọmọ yín ní Babátúndé bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó gbé ayé tirẹ̀. Ẹ má fi gbèsè bàbá àgbà sí i lọ́rùn, ẹ má sì fi ògo rẹ̀ lù ú. Bí ìyàwó rẹ bá sì ní, “Bí mo bá tún ayé wá, n kò ní fẹ́ ọ,” má rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ òní ni ó ń rò fún ọ, òní náà sì ni kí o tún un ṣe.

Kí Ọlọ́hun forí ji àwọn òkú wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí a fi ayé kan ṣoṣo tí Ó fún wa ṣòfò. Àmín.