Ohun Tí A Bò Mọ́lẹ̀, Ẹrù Ta Ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin Mùsùlùmí, nígbà tí ògiri ilé bá là tàbí tí igun rẹ̀ kan bá rì, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wa: "Kádàrá ni." Lóòótọ́, a gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi kádàrá bo ohun tí ọwọ́ wa fi sílẹ̀ láìṣe?

Ilẹ̀ ìlú wa lè dá wa lóhùn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, tí ìwé wọn jáde ní 1962, fi orúkọ Àpòmù pe irú ilẹ̀ kan. Ilẹ̀ oníyanrìn tí àgbàrá wọ́ wá sí ìsàlẹ̀ òkè ni. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Àpòmù ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè gbọ́dọ̀ kíyè sára.

Iyanrìn tí kò dì, àlàfo ń bẹ láàárín hóró rẹ̀. Bí ẹrù ilé bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí omi bá wọ̀ ọ́, hóró á sún mọ́ra, ilẹ̀ á sì rì. Bí gbogbo ilé bá rì díẹ̀ lọ́gbọọgba, ó lè má ṣe nǹkan. Kí igun kan rì ju èkejì lọ ló ń ya ògiri. Àwọn ẹnjiníà a máa ju òòlù tó wúwo tó 63.5 kg láti 76 cm lé irin lórí. Bí irin náà bá wọlẹ̀ ní 30 cm kí òòlù tó bà á nígbà 10, iyanrìn náà kò dì.

Àtúnṣe wà. A ó gbẹ́ iyanrìn náà kúrò, a ó dá a padà díẹ̀díẹ̀, kí ìpele kan má ju 20 cm lọ, a ó wọ́n omi sí i, a ó sì gún un títí yóò fi dì kí a tó da òmíràn lé e.

Ẹnìkan lè ní, "Tálákà ni mí, níbo ni n ó ti rówó?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Kí irú wọn kọ́ ilé kékeré dípò pẹ́tẹ́ẹ̀sì, nítorí ṣọ́bìrì àti òógùn ni gbígbẹ́ àti gígún ń fẹ́ jù. Ohun tí òṣì kò fún wa láṣẹ rẹ̀ ni kí a bo ilẹ̀ tí kò dì, kí a kun ilé lọ́dà, kí a sì gba owó ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ayálégbé kò lè rí ìpìlẹ̀. Ó fọkàn tán wa ni. Àmánà ni ìpìlẹ̀ nígbà náà. Onílé tó ní kí bíríkìlà dákẹ́, àti bíríkìlà tó mọ̀ tó sì dákẹ́, wọ́n jọ jẹ gbèsè ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ ń rì nínú kòtò ìpìlẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ yìí kò dì." Ọ̀gá lè bínú, iṣẹ́ sì lè bọ́. Síbẹ̀, ó sàn ju kí ògiri wó lu ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ká ṣe tiwa tán ná, ká tó fi ìyókù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.