Owó Ọ̀yà Alágbàṣe: Ta Ni Yóò Dá Iye Rẹ̀?

Bí ebi bá ń pa ẹnì kan, tí ẹlòmíràn sì fi owó tí kò tó oúnjẹ òòjọ́ lọ̀ ọ́ pé kí ó wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko fún òun, tí ẹni tí ebi ń pa sì gbà, ǹjẹ́ a lè sọ pé àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan? Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó yó lè dúró di ọ̀la. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dúró di alẹ́. Ìdúnàádúrà irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ kò dọ́gba, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe òfin pé owó ọ̀yà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju iye kan lọ. Bí a bá wá gbé iye náà sókè, ta ni ó ń jàǹfààní, ta ni ó sì ń san án?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Wúrà ni ó mú kí a tẹ ìlú náà dó ní 1886, agbára àwọn ènìyàn dúdú ni a sì fi ń wa wúrà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1946, àwọn awakùsà tí ó lé ní 60,000 da iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣílè mẹ́wàá fún iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ọlọ́pàá ni a rán sí wọn. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́sàn-án kú, àwọn yòókù sì padà sínú ihò lọ́wọ́ òfo. Ní 1957 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí a fi kọ́bọ̀ kan lé owó ọkọ̀ àwọn ará Alexandra, wọ́n kọ ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kọ́bọ̀ kan lè lé kúrò nínú ọkọ̀, ẹ̀yin náà mọ irú owó ọ̀yà tí ó ń gbà.

Ọjọ́ kìíní ọdún 2019 ni òfin owó ọ̀yà fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: 20 ràndì fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n 18 ràndì ni a dá fún alágbàṣe oko, 15 fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nílé onílé, kí àwọn tí ó gbà wọ́n má baà lé wọn dànù. Díẹ̀díẹ̀ ni a gbé e sókè, títí ẹni tí ń gbá ilẹ̀ nílé onílé fi bá àwọn yòókù dọ́gba ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ní 2025 iye náà di 28.79, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan nínú àfikún náà kò ju kí owó lè bá ọjà rìn.

Àwọn alátakò ní ohun tí ó bá wọ́n lẹ́nu dára láti gbọ́. Ní 2024, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ń fẹ́ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè náà, ó lé ní ọgbọ̀n tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Bí ọjà bá wọ́n, ẹni tí ń rà á a dín kù. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ ni? Ìjọba ibẹ̀ ti dá owó ọ̀yà fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ inú ilé rí ní òpin 2002, àti fún ti oko ní 2003. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé owó àwọn méjèèjì pọ̀ sí i. Nínú ilé, wọn kò rí i kí iṣẹ́ dín kù lọ títí. Ní oko, ó dín kù gan-an. Àgbẹ̀ ńlá lè ra ẹ̀rọ tàbí kí ó dín oko kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ilé kò lè ṣàìgbá. Nítorí náà, irọ́ ni pé àfikún owó kì í pa ẹnikẹ́ni lára, irọ́ sì ni pé ó máa ń pa gbogbo ènìyàn lára.

Kí wá ni ẹ̀tọ́? Ó tọ́ kí a máa gbé owó náà sókè ní ìwọ̀n, kí a sì máa wo ẹ̀yìn ọ̀nà fún ẹni tí kò rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a sọ ebi aláìríṣẹ́ di pàṣán tí a fi ń na ẹni tí ó ríṣẹ́. Bíbọ́ aláìríṣẹ́ jẹ́ ẹrù gbogbo ìlú. Kí ló dé tí a ó fi dì í ru obìnrin tí ń fọ aṣọ nìkan? Àwọn baba wa pàápàá kò jẹ́ kí olówó gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ ìwọ̀fà: apá kan ni ó fi ń sin gbèsè, ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ wá lówó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù keje ọdún 2024, a gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà láti 30,000 náírà sí 70,000, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tiwa yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Òfin ti Johannesburg sì wọ ilé ìdáná. Nítorí náà, kò sí adájọ́ láàárín wa àti ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń gbé ọmọ pọ̀n kí a lè ráyè lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àfi ẹ̀rí ọkàn. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, kí olúkúlùkù wa tó ka tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ka iye tí ó fẹ́ fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó sì bi ara rẹ̀ bóyá òun yóò gbà á bí ó bá jẹ́ òun ni.